Ẹyọ Olóòórùn ti Ìlú Onígbá-Ńlá

Pàù. Ó dákẹ́ díẹ̀. Pàù, pàù.

Bí mo bá dijú níhìn-ín tí mo wà yìí, ìró yẹn ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Kì í ṣe ìró ìbọn, bẹ́ẹ̀ èmi Ọdẹ́rìndé ti yìnbọn ju iye ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí ti jẹun lọ. Ìró ẹyọ olóòórùn ni, lórí àpáàdì gbígbóná, nínú ilé ìdáná ìyá mi.

Bí obìnrin kan bá bímọ nínú agboolé wa, ìyá mi a gbé àpáàdì kaná, a da ẹyọ náà sí i, èèpo rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í là. Òórùn rẹ̀ a gba ojúde kọjá, ajá pàápàá a gbé imú sókè. Ìyá mi a wá mú ẹyọ kan ṣoṣo, a lọ̀ ọ́, a wọ́n ìwọ̀nba rẹ̀ sínú ọbẹ̀ abiyamọ, a sì so èyí tó kù mọ́ àjà níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò da gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ kí ọbẹ̀ lè ta sánsán dáadáa. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Ọbẹ̀ ni mo ń sè, n kò gbẹ́ sàréè.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà ilé wa kan fún yín, nítorí òun ló fa gbogbo ohun tí ẹ óò kà. Èèwọ̀ ni kí a pe ohun yìí lórúkọ rẹ̀ gan-an létí ìkókó. Wọ́n ní bí a bá pè é, ọmọ náà kò ní sùn mọ́. Nítorí náà ẹyọ olóòórùn ni gbogbo wa ń pè é, a sì pè é bẹ́ẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó mọ orúkọ àbísọ rẹ̀ fi kú tán, tí àwa ọ̀dọ́ kò sì mọ̀ pé ó ní òmíràn.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìyá mi ti kú. Àbúrò mi obìnrin, Àyọ̀ká, bí ọmọkùnrin kan, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti sọ̀, oúnjẹ kọ̀, kò dúró sínú rẹ̀. Bó bá jẹ ẹ̀kọ, ẹ̀kọ a padà. Bó bá mu omi, omi a padà. Ọmú rẹ̀ gbẹ. Ọmọ ń fa ọmú gbígbẹ, ó ń ké, nígbà tó yá igbe náà bẹ̀rẹ̀ sí í relẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ rí mọ̀ pé igbe ìkókó tó ń relẹ̀ burú ju èyí tó ń ròkè lọ.

Iná ọ̀dá ti jó igi ẹyọ olóòórùn tán ní gbogbo agbègbè wa. Ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ní ó kù sí ni Igbó Atasánsán, níbi tí Ìlú Onígbá-Ńlá wà, tí kò sí ẹni tó lọ tó bọ̀. Látúnjí, ọkọ Àyọ̀ká, òun náà ọdẹ, mú ìbọn rẹ̀. Èmi náà mú tèmi. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ìyá àgbà kan ń bẹ nílé wa tí à ń pè ní Yéyé Àrínpé. Apá ìlà-oòrùn tó jìnnà ni wọ́n ti gbé e wá sílé ọkọ, ohùn ibẹ̀ kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi darúgbó. Ó tẹ̀lé wa dé ẹnu odi. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ibi tí ẹ ń lọ yẹn, ẹ ṣọ́ra fún ariwo. Díẹ̀ rẹ̀ ni oògùn, púpọ̀ rẹ̀ ni ikú. Ẹ gbọ́?”

A ní a gbọ́.

Bí a ti kọjá odi, Látúnjí ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ìyá yẹn yé mi. Àwọn iwin ibẹ̀ kò fẹ́ kí ènìyàn pariwo ni. Láti ìsinsìnyí lọ, mi ò ní húkọ́.”

Mo ní, “Ìwọ tí o ń hanrun bí ẹni ń la igi?”

“N óò máa sùn lójú ṣíṣí.”

“Ikùn rẹ ńkọ́? Ikùn rẹ a máa sọ̀rọ̀ ju ẹnu rẹ lọ.”

“Bí mo bá ti ń rí oúnjẹ fún un, a máa dákẹ́,” ni ó wí, ó sì fọwọ́ gbá a pẹ̀lẹ́.

A fi àkísà di ẹsẹ̀ wa. A fi koríko dí ẹnu ìwo ètù. Ọwọ́ ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, àwa ọdẹ méjì tí ẹkùn ń gbọ́ ohùn wa tí í sá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ìbá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sáré kọjá ọ̀nà. Ọ̀nà kò ní ìtàn, ohun tó dúró lójú ọ̀nà ló ní in.

Ẹni àkọ́kọ́ tó dúró lójú ọ̀nà wa ni Pẹnukú. Iwin ni. Orí rẹ̀ rí bí orí ìṣó, ara rẹ̀ gbẹ, ó dúdú, ó sì ń rùn bí kànáfùrù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún. Ó fi ìlẹ̀kẹ̀ kan sọ́rùn, nígbà tí mo wò ó dáadáa, eyín ènìyàn ni.

Ó ní, “Àlejò, ẹ kò kí mi?”

A fi ìka lé ètè.

“Ẹ kò lẹ́nu ni, àbí eyín ló ń dùn yín? Bó bá jẹ́ eyín ni, ilé ni ẹ wà. Oníṣègùn eyín ni mí. Bí mo ṣe ń tọ́jú ènìyàn, kì í mọ̀ ọ́n lára rárá.”

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹyọ kànáfùrù kan máa ń mú eyín dídùn sùn. Ìyá mi ń lò ó fún wa. Ṣùgbọ́n Pẹnukú kì í lo ẹyọ kan. Epo kànáfùrù kún igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbá mi mú lágbọ̀n, ó sì rọ ọ́ sí mi lẹ́nu. Ahọ́n mi kú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kú. Ọ̀fun mi kú, nígbà tí epo náà sì dé inú, ó ń jó mi bí iná ẹlẹ́ran. Ó mú ẹ̀mú, ó ki í sí mi lẹ́nu, ó sì ń fa eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kan tí kò dùn mí rí láti ìgbà tó ti hù. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹnu ẹlòmíràn ni. Mo gbọ́ bó ti já. Mi ò mọ̀ ọ́n lára. Ó lu ojú okùn sí i, ó so ó mọ́ ọrùn rẹ̀, ó sì tún un ṣe kó lè tò dáadáa.

Ó wá kọjú sí Látúnjí. Látúnjí gbàgbé ìmọ̀ràn Yéyé. Ó ní, “Bàbá, ẹ kú ìgbádùn, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìnáwó tó ń bọ̀.”

Pẹnukú sọ ẹ̀mú sílẹ̀. Ó ní, “Ó lẹ́nu. Kíkí ni mo fẹ́ kí ẹ kí mi, ta ló fẹ́ eyín yín? Ẹ máa lọ.”

Bí mo ṣe fi eyín san owó orí ìkíni nìyẹn. Ẹ má káàánú mi o. Èyí tó kù lẹ́nu mi fọ́ itan ẹfọ̀n ju bí gbogbo eyín yín ṣe lè fọ́ ẹ̀pà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi í sọ́kàn pé Látúnjí bọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú eyín rẹ̀ pé pérépéré. Ẹni tí orí yọ, kò mọ ohun tí orí ń yọ ọ́ fún.

Lẹ́yìn Pẹnukú ni a kan obìnrin kan lórí gbòǹgbò igi. Ìka ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ bí ìdì èèrù, wọ́n dúdú, wọ́n gbẹ, wọ́n sì ń gbá ara wọn bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Àwọn ọmọ kéékèèké yí i ká bí òròmọdìyẹ, ojú wọn kò tíì là, ọwọ́ wọn kò tíì ní ìka. Wọ́n ń sọ pé, “Sọ mí lórúkọ. Sọ mí lórúkọ.”

Obìnrin náà ní, “Ẹni tí ẹ ń wá oògùn fún, ṣé ó ti bí, àbí kò tíì bí?”

Látúnjí ní, “Ó ti bí, Yéyé.”

“Ẹ dúpẹ́. Ìyá àwọn wọ̀nyí kò tíì bí nígbà tí wọ́n lọ èèrù mi mu láàárọ̀, tí wọ́n mu ún lálẹ́, torí wọ́n gbọ́ pé ó dára fún aboyún. Lẹ́yìn ìbí ni mo dára. Ohun tó ń gbá ilé mọ́ lẹ́yìn àlejò, bí ẹ bá gbé e wọlé kí àlejò tó dìde, òun náà ni yóò gbá àlejò síta.” Ó fi ìka rẹ̀ lu ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ó lù ú kíkankíkan, kò sì dẹ́kun ẹ̀rín. “Ẹ máa lọ. Bí ẹ bá sọ ọ̀kan lórúkọ, yóò tẹ̀lé yín délé, yóò sì bá èyí tó wà lọ́mú jà.”

Níbí ni dídákẹ́ wúlò. Ọ̀kan dì mọ́ etí ẹ̀wù ọdẹ mi, ohùn rẹ̀ sì dàbí ti Àyọ̀ká nígbà tó wà ní kékeré. Mo já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Mo ti pa ẹfọ̀n, mo ti pa ẹkùn, ṣùgbọ́n mi ò lè wẹ̀yìn wò ó.

Nígbà tí a sún mọ́ Ìlú Onígbá-Ńlá, a gbọ́ ìró kan bí òjò lórí páànù. Pàù, pàù, pàù, láìdúró. Ní ojúlé kọ̀ọ̀kan, àpáàdì ń bẹ lórí iná, ẹyọ olóòórùn sì ń là lórí rẹ̀ bí ẹni ń yan àgbàdo. Látúnjí di ọwọ́ mi mú, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, Àyọ̀ká ti yè.”

Àwọn ará ìlú náà jáde wá pàdé wa. Ojú wọn pupa bí epo. Ètè wọn sán, wọ́n ń fi ahọ́n lá a, ahọ́n náà gbẹ, ó ń dún bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Bí ẹ bá wo àyà wọn, ẹ óò rí ọkàn wọn tó ń ta lábẹ́ aṣọ bí ẹja inú àpò. Wọ́n mú wa dé ọ̀dọ̀ ọba wọn, Onígbá-Ńlá, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Igbá kan wà níwájú rẹ̀ tí ènìyàn méjì lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹyọ olóòórùn lílọ̀ tí wọ́n fi oyin pò ló kún inú rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀bùn Ọba nìyí. Ẹ jẹ ìwọ̀n tí ẹ bá fẹ́. Nílùú yìí, a kì í ka òkèlè mọ́ àlejò lẹ́nu.”

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú wa, ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀kọ̀ tì wá. Inú rere ni ìlú yẹn fi ń pa ènìyàn.

Mo fi ìka mú díẹ̀ sẹ́nu. Bí ó ti kan ojú egbò ibi tí Pẹnukú ti fa eyín mi, ó ta mí bí ata, mo pa ẹnu mi dé, mi ò sì fi kún un. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba yẹn bọ́ sínú mi, inú tí epo Pẹnukú ti ń jó láti ọjọ́ yìí wá sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo mọ̀ nígbà náà pé a kò rin ìrìn asán.

Látúnjí kò ní egbò lẹ́nu. Ó bù ú, ó bù ú. Agbáwo ọba, ọkùnrin gbígbẹ kan tí kì í ṣẹ́jú, tẹ̀ sí i létí, ó ní, “Ó ń ṣe ọ́ ní nǹkankan?”

“Kò ṣe mí ní nǹkankan.”

“Kò tíì.”

Ọba rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Ẹ bù sí i fún un. Ẹni tí nǹkankan kò ṣe, kò tíì yó.”

Mo ní, “Látúnjí, ó tó.”

Ó yí ojú sí mi, ẹnu rẹ̀ kún. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ tẹ́tí sí ẹnu mi. Ṣé ẹ gbọ́ ariwo kankan níbẹ̀?”

Àwọn ará ìlú ti ń jókòó sílẹ̀ yí wa ká, wọ́n ń gbé ọmọ wọn lé itan, bí ẹni tí eré fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Oògùn ìlú yẹn kì í kánjú. Oòrùn kúrò lókè orí wa, ó ń rẹlẹ̀ lọ, Látúnjí ń ṣe àwàdà, ó sì ń bù sí i, torí kò rí ohun tó ṣe é. Ohun tí ó ti jẹ láti ọ̀sán wá sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹkùn tó ń tọ ẹtu. Nígbà tó dé, ó dé lápapọ̀. Ó ní ẹnu òun gbẹ. Wọ́n gbé omi fún un, omi náà kò ràn án. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó fi ọwọ́ lé àyà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń sáré nínú mi?” Mo gbé etí lé e, ọkàn rẹ̀ ń sá bí ẹran tí ajá ká mọ́.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí. Ó rí àpótí kan nílẹ̀, ó pè é ní Àyọ̀ká. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó bu Ẹ̀bùn Ọba, ó ń fi í lé ojú àpótí náà. Ó ní, “Jẹ ẹ́, ìyá ọmọ mi. Èyí kò ní padà. Jẹ díẹ̀ sí i.” Ó ń ṣubú sílẹ̀, ó sì ń nu ẹnu àpótí.

Àwọn ará ìlú ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan béèrè pé, “Àlejò, ṣé ìyàwó rẹ yó?” Ó ní, “Ó ń yó bọ̀.” Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Agbáwo ní, “Ọmọ ńkọ́? Ọmọ ò jẹ?” Látúnjí bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ rẹ̀ kiri lábẹ́ àpótí, ó ń rá bàbà, ó ń pè é, kò rí i. Mo yọ ìbọn, ìbọn kò lè sọ̀rọ̀, koríko ló wà ní ẹnu ìwo ètù, ìrì sì ti wọ inú rẹ̀. Mo gbé Látúnjí mọ́ra. Ara rẹ̀ gbóná, ó gbẹ, kò ní òógùn kankan. Kí oòrùn tó wọ̀ tán, ọkàn tó ń sáré náà kọsẹ̀. Ó ní, “Ó ti dákẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ó ti sùn.” Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Àwọn ará ìlú gbọn aṣọ wọn, wọ́n ń dìde.

Onígbá-Ńlá ní, “Kí ni o wá ṣe níbí?”

Mo sọ fún un. Ó ní, “Ó dára. Já àlọ́ kan, kí o gba ẹyọ. Bí o bá ṣì í, ìwọ lo máa jẹ èyí tó kù nínú igbá. Ó ń tọ́ ọmọ nínú ṣíbí, ó ń sọ ọmọ di aláìní baba nínú igbá. Kí ni orúkọ rẹ̀?”

Mo ní, “Ẹyọ olóòórùn.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín gbígbẹ wọn. Ọba ní, “Ìnagijẹ nìyẹn. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni mo bi ọ́. Mo tún fún ọ ní ẹ̀ẹ̀kan.”

Mo wo Látúnjí nílẹ̀, oyin ṣì wà létí ẹnu rẹ̀. Mo wo àkísà tí a fi di ẹsẹ̀ wa. Mo rántí ìyá arúgbó kan lẹ́nu odi, ọmọ ìlà-oòrùn, tó ń pe nǹkan bí wọ́n ṣe ń pè é nílé bàbá rẹ̀. Díẹ̀ rẹ̀ ni oògùn. Nígbà wo ni pípariwo díẹ̀ di oògùn fún ẹnikẹ́ni?

Mo ní, “Ariwo.”

Ẹ̀rín kúrò lójú ọba. “Ta ló sọ fún ọ?”

“Wọ́n sọ fún wa kí a tó kúrò nílé,” ni mo wí. “Àwa ni kò gbọ́.”

Ó bu ẹ̀kúnwọ́ ẹyọ ariwo, ó dì í sínú ewé. Mo ní ẹyọ kan tó. Ó ní ọba kì í fi ẹyọ kan tọrẹ. Ó ní, “Ẹyọ lè lọ, ìwọ kò lè lọ. Bí nǹkan bá jáde nínú igbá mi, ènìyàn kan gbọ́dọ̀ wọlé.”

“Látúnjí ti wọlé.”

“Látúnjí ti jáde,” ni ó wí.

Wọ́n mú ẹyẹ àtíòro kan wá, wọ́n so ìdì náà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ọba ní yóò bà sórí òrùlé Àyọ̀ká, yóò sọ ohun tí mo bá rán an lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí mo bá ṣe sọ ọ́, yóò sì fò lọ. Mo la ẹnu láti ní kí wọ́n ṣọ́ra, kí wọ́n má jẹ́ kí ariwo pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí mo ti fẹ́ sọ ọ́, mo rí i tí Onígbá-Ńlá tẹ̀ síwájú, tí ojú rẹ̀ ń dán. Mo rí ilé wa. Mo rí bí wọn yóò ṣe di ajá lẹ́nu, bí wọn yóò ṣe lé àwọn ọmọ tó ń ṣeré lọ sẹ́yìnkùlé, bí wọn yóò ṣe gbé odó lọ sóko kí ìró rẹ̀ má bàa yọ abiyamọ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ní ìdákẹ́rọ́rọ́, wọn yóò da ẹ̀kúnwọ́ náà sínú ọbẹ̀ rẹ̀.

Mo pa ẹnu mi dé. Mo jókòó ti òkú Látúnjí, mo ro ọ̀rọ̀ náà, mo yí i, mo tún un yí, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ.

Ó ti pẹ́. Onígbá-Ńlá jẹ nínú igbá ara rẹ̀, ó kú, ilẹ̀kùn ìlú ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ìbá gbé mi délé ti di ẹsẹ̀ àgbà. Àtíòro kì í padà mú èsì wá. Mi ò mọ̀ bóyá ó bá Àyọ̀ká láàyè. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á bá jẹ́ ọmọ Àyọ̀ká, tí ẹyẹ kan sọ̀rọ̀ rí lórí òrùlé ìyá yín, ohun tí mo rán an nìyí:

“Àyọ̀ká, èmi Ọdẹ́rìndé ni. Ẹyọ olóòórùn tó wà lẹ́sẹ̀ ẹyẹ yìí, ariwo ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Òun ni Yéyé Àrínpé kìlọ̀ rẹ̀ fún wa, kì í ṣe ariwo ẹnu. Yan ẹyọ kan, lọ̀ ọ́, fi orí èékánná bù ú sínú ọbẹ̀, kí o so èyí tó kù mọ́ àjà ìyá wa. Bí o kò bá rí ohun tó ṣe lójú ẹsẹ̀, má fi kún un. A máa pẹ́ kó tó dé. Látúnjí fi kún un. Ìwọ ló ń fún lóúnjẹ nígbà tó lọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí o dákẹ́. Sunkún títí gbogbo agboolé yóò fi jí. Ariwo yẹn kò pa ènìyàn rí.”